Èsì: ọ̀bẹ Mora tó ń yọ̀ lórí igi lẹ́yìn tẹ́ ẹ pọ́n ọn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ń gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ yẹn sókè jù tẹ́ ẹ bá ń pọ́n ọn ni, ìyẹn ló fi ń gé pépà dáadáa àmọ́ tó bá kan igi á máa yọ̀ kúrò. Àwọn ọ̀bẹ Sweden yìí, ibi tó fẹ̀ tó ṣe gẹ̀rẹ́ wá sí ẹnu rẹ̀ yẹn gan-an lẹ máa tẹ́ pẹrẹsẹ sórí òkúta, ẹ ò ní wá igun kankan.

Ẹ kọ́kọ́ fi máákà kun ibi tó fẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ tó pọ́n ọn díẹ̀ wò. Tí íńkì bá parẹ́ létí ẹnu nìkan, ẹ ṣì ń gbé e sókè nìyẹn.

1. Òkúta ìpọ́nbẹ 1000 pẹ̀lú omi (bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni òkúta ṣe ń kúnná tó), ẹ máa pọ́n apá kan títí ọwọ́ yín á fi kan irin tín-ín-rín tó yí sí òdì kejì, láti ìdí dé ṣónṣó.
2. Ẹ yí i padà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, kẹ́ ẹ wá bọ́ sórí 4000.
3. Ẹ fi awọ bẹ́líìtì àtijọ́ dán an, fífà sẹ́yìn nìkan o, tẹ́ ẹ bá tì í síwájú ẹ máa gé awọ.

Igi gbígbẹ́ lèyí wà fún. Tó bá jẹ́ pé ẹ tún fi ń la igi ìdáná, tẹ́ ẹ ń lu ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ ní ìparí, ẹ fà á lórí òkúta lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, torí ẹnu tó tín-ín-rín yẹn lè ya.

Tí kì í bá ṣe stainless (irin tí kì í tètè dógùn-ún), ẹ nù ún gbẹ kẹ́ ẹ fi òróró díẹ̀ pa á kó má baà dógùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fáwọn tó ń fi ẹ̀rọ iná pọ́n ọ̀bẹ alápatà, tó bá gbóná jù irin yẹn á rọ̀, kò sì ní mú pẹ́ mọ́.