Ẹ kọ nọ́mbà ara òpó iná yẹn sílẹ̀ kí ẹ tó tún pe ẹnikẹ́ni

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní iná òpópónà tó wà níbi táwọn ọmọ yín ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé ìwé ní Alief, àdúgbò kan ní Houston, ti kú láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ ti pe 311, nọ́mbà tí wọ́n fi ń fẹjọ́ sun ìlú, lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ wá ń bèèrè bóyá káńsù ni kí ẹ lọ bá àbí oníwèé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ yín ta mí lára, torí irú iná bẹ́ẹ̀ ló sọ ìyàwó mi di aláàbọ̀ ara fún oṣù mẹ́ta.

Ìlú kékeré kan ní Illinois là ń gbé nígbà náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Iná méjì kú ládùúgbò wa ní oṣù kẹwàá. Mo pe ọ́fíìsì ìlú, ọmọbìnrin kan ní òun ti gbọ́. Mo tún pè, wọ́n ní òpó yẹn kì í ṣe tàwọn, ti ilé iṣẹ́ mànàmáná ni. Mo pe ilé iṣẹ́ mànàmáná, wọ́n ní ti ìlú ni. Bí wọ́n ṣe ń gbá mi síra wọn bíi bọ́ọ̀lù nìyẹn títí yìnyín fi bo ilẹ̀. Ní oṣù kejì, ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni, ń lọ síṣẹ́ láago márùn-ún ìdájí. Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà ti là, ó ti di kòtò, òkùnkùn ò sì jẹ́ kó rí i. Inú ilé ni mo wà tí mo gbọ́ igbe rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ síbi méjì. Irin ni wọ́n fi dè é. Èmi ni mò ń gbé e lọ sí balùwẹ̀, èmi ni mò ń se oúnjẹ, owó ilé ò sì dúró dè wá.

Kódà ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tá a béèrè owó ìtọ́jú, lẹ́tà ìlú dé pé kò sẹ́ni tó sọ fáwọn pé iná kú. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí, ògiri? Lọ́yà bi mí pé nọ́mbà ẹ̀sùn mi dà, mi ò ní. Orúkọ ẹni tó gbé fóònù ńkọ́? Mi ò bèèrè. Ó wo ojú mi bí ẹni ń wo ọmọ tó sọ owó ìyá rẹ̀ nù lọ́jà, ó sì tún gba owó ìjókòó lọ́wọ́ mi. Òfin Illinois ni pé kí ọ̀nà tó bàjẹ́ tó lè di ẹ̀bi ìlú, ìlú ti gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú, tàbí kó yẹ kó mọ̀. Ọdún kan péré lèèyàn sì ní láti pẹjọ́. Ti ìlú New York City tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìwé ni wọ́n ń fẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ wọn ní ọjọ́ 15 ṣáájú ìjàǹbá. Lọ́dọ̀ yín ní Texas, oṣù 6 lẹ ní láti fi tó ìjọba létí lẹ́yìn tẹ́nì kan bá ṣèṣe, àwọn ìlú kan sì gé e kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́ ẹ nílò rẹ̀.

Ohun tó yọ wá ni pé mo kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ wọn lábẹ́ òfin tó fún ará ìlú láyè láti rí ìwé ìjọba. Ọjọ́ iṣẹ́ 5 ni wọ́n ní láti fèsì ní Illinois. Ìpè mi wà níbẹ̀, déètì àti àkókò, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé “ó ti parí.” Parí fún ta ni?

Mo gbé bébà yẹn lọ bá ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tó wà nílùú wa. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń kọ ọ̀rọ̀ káńsù, ilé ẹjọ́ àti bọ́ọ̀lù ilé ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ó ní kí n dákẹ́, kí n kó bébà síwájú òun. Ọ̀sẹ̀ tó jáde, iná tàn. Ọ̀gá tó sọ pé òpó kì í ṣe tàwọn ló dúró lábẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò, tó ń rẹ́rìn-ín.

Àbí kí lẹ bèèrè gan-an? Ẹ̀ẹ́n, Houston. Àwọn CenterPoint, ilé iṣẹ́ mànàmáná, ló ń tọ́jú èyí tó pọ̀ jù nínú iná òpópónà yín, kì í ṣe ìlú fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ojú ọ̀nà máróṣẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni í. Nọ́mbà wà lára òpó, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ìyókù rọrùn. Ẹ pa nọ́mbà ẹ̀sùn mọ́, ti 311 náà. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọmọ káńsù àdúgbò yín kó lè di ìwé. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan ò yí padà, oníwèé ìròyìn ló kàn, ṣùgbọ́n ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Wọn ò pọ̀ mọ́: ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì Houston Landing tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023 ti kógbá sílé ní 2025.

Ẹ má ṣe ka ariwo inú WhatsApp àdúgbò sí ẹ̀sùn o, àwa náà pariwo níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ẹ má sì gbé fọ́tò àwọn ọmọ àti aago bọ́ọ̀sì wọn síbẹ̀. Bí ọkọ yín bá ní òun mọ iná tún ṣe, ẹ gba àkàbà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí wáyà bá já sílẹ̀, 911, nọ́mbà pàjáwìrì, ni kí ẹ pè, ẹ jìnnà sí i. Kó tó tàn, ẹ ra téèpù tó ń dán nínú iná mọ́tò, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ báàgì àwọn ìbejì, iwájú àti ẹ̀yìn.