Ọjọ́ pátẹ́ǹtì kọ́ ni ọjọ́ ìbí ìbọn: ìbéèrè yín àti èsì wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Houston, òfin ibẹ̀ gbà á láàyè, ó sì máa ń kó ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ jọ, àwọn revolver yẹn tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ń ki ọta sí máa ń yí bìrí. Ó ra Smith & Wesson kan lóṣù tó kọjá, ẹni tó tà á fún un sọ pé 1906 ni wọ́n ṣe é torí wọ́n kọ ọ́ sórí ọ̀pá ẹ̀, owó ńlá ló gbà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, èmi wá rí 06, mo rí 09, mo tún rí 14. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìdí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú V, àmọ́ tó bá ṣí i, nọ́ńbà míì ló wà nínú lọ́hùn-ún, ó ń bẹ̀rù pé wọ́n ti ta ayédèrú fún òun. Àwọ̀ ẹ̀ rí bí eérú, kò dán, ó wá fẹ́ fi sánpépà ha á. Kí ló yẹ kó ṣe? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Ìsọ̀kùn, Iléṣà.

ÈSÌ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kọ́kọ́ pè é kó gbé sánpépà yẹn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é kẹ́ ẹ tó ka ìyókù. Àwọ̀ eérú yẹn ni ẹ̀rí tó lágbára jù lára ìbọn yẹn, tó bá ha á dànù kò sẹ́ni tó lè dá a padà bó ṣe wà, àwọn tó ń kó o jọ ò sì ní fẹ́ fún un lówó gidi mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ rí yẹn, Feb. 6. 06, Sept. 14. 09 àti Dec. 29. 14, ọjọ́ pátẹ́ǹtì ni wọ́n o, ìyẹn ọjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé iṣẹ́ yẹn ló ni ọgbọ́n kan tó wà nínú ìbọn náà, wọ́n wá ń tẹ ọjọ́ kan náà mọ́ ọn lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ rí "láti 1948" lára ọ̀rá búrẹ́dì, ṣé ẹ máa ní búrẹ́dì tó wà nínú ẹ̀ ti wà láti 1948 ni? Ẹ tiẹ̀ wò ó dáadáa, ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1906, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ nípa 1914? Ẹni tó tà á ò ka ìlà yẹn dópin. Inú máa ń bí mi sí irú ẹ̀, torí owó ẹni ẹlẹ́ni ni.

V yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ tán. Victory ni wọ́n ń pe irú ìbọn yẹn, Smith & Wesson ṣe é ní Springfield, Massachusetts fún ogun Hitler, láti 1942 títí di 1945. Tí S bá wà níwájú V, á jẹ́ ti ìparí 1944 sókè, torí S yẹn ló ń sọ pé wọ́n ti fi irin kan kún inú ẹ̀ tí kì í jẹ́ kó yìn tó bá já bọ́. Ogun ò fàyè sílẹ̀ fún dídán, ìdí nìyẹn tó fi rí bí eérú, pákó ìdí ẹ̀ náà á sì jẹ́ gbọọrọ lásán láìsí fínfín lára, pẹ̀lú òrùka tí wọ́n ń so okùn mọ́ nísàlẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí nínú fọ́tò? Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nọ́ńbà inú yẹn, kó má dààmú. Àwọn òṣìṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kí irin ìbọn kan má bàa dàpọ̀ mọ́ ti òmíì nígbà tí wọ́n ń tò ó. Bàbá mi náà máa ń sàmì bẹ́ẹ̀ ní ilé àgbẹ̀dẹ wọn ní Ìlódè, àmì wọ̀nyẹn kì í ṣe fún oníbàárà rárá. Èyí tó yẹ kó fi wé ti ìdí ni ti ẹ̀yìn sìlíńdà, ìyẹn ibi tó ń yí bìrí yẹn, àti ti abẹ́ ọ̀pá, tí gbogbo wọn bá bára mu, ojúlówó tí wọn ò tíì pààrọ̀ nǹkan kan lára ẹ̀ ló rà.

Kó tún wọn ọ̀pá ẹ̀. Íǹṣì 4 ni ti àwọn ológun Amẹ́ríkà, ọta .38 Special ló ń jẹ. Íǹṣì 5 ni èyí tí wọ́n kó fún Bìrìtìkó, ọta .38 S&W ló ń jẹ, ó kúrú ju èkejì, ó sì sanra jù ú, àmọ́ lẹ́yìn ogun àwọn kan gbẹ́ inú ìbọn náà kó lè gba .38 Special, ihò wá fẹ̀ jù fún ọta, ìdí ọta á wú, nígbà míì á là. Kó má yìn ín rárá àfi tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìbọn bá ti wọ̀n ọ́n. Tó bá rí NOT ENGLISH MAKE lára ẹ̀, ilé tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò ní Ìlú Ọba ló gbà kọjá láàárín 1925 sí 1955.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi "antique", ìyẹn ìbọn ayé àtijọ́, tàn án lọ́jọ́ míì, 1898 sẹ́yìn ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń pè bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, a rí ìbọn ìléwọ́ kan nínú àpótí bàbá wa àgbà tó jagun ní Burma. Ó ń ṣẹ́ sí méjì láàárín tí wọ́n bá fẹ́ kì í, ọfà kékeré kan wà lára ẹ̀ àti 1941. Ṣé a lè fi sí pálọ̀ bí ohun ìrántí? Lágere, Ilé-Ifẹ̀.

ÈSÌ: Rárá o. Ó jọ Enfield No. 2 létí mi, torí ọdún máa ń wà lára irú yẹn lápá ọ̀tún, ọfà yẹn sì ni àmì ohun ìní ìjọba Bìrìtìkó. Tí òòlù ẹ̀yìn ẹ̀ ò bá ní ìwo tí àtàǹpàkò ń fà, èyí tó jáde láti 1938 ni.

Àmọ́ ní ilẹ̀ wa níbí, òfin ìbọn ti 1959 ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ èèwọ̀, bó ti wù kó gbó tó, àfi tí Ààrẹ fúnra ẹ̀ bá fún èèyàn ní láísẹ́ǹsì. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ má yọ ọta inú ẹ̀, ẹ má sì gbé e sínú báàgì lọ sí tèṣọ̀n. Kí olórí ẹbí àti lọ́yà lọ sọ fún ọlọ́pàá kí wọ́n wá gbé e fúnra wọn, kẹ́ ẹ gba ìwé tó fi hàn pé ẹ fà á lé wọn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì fi ìwé yẹn sínú àpótí bàbá, níbi tí ìbọn náà wà tẹ́lẹ̀.