Ṣé lóòótọ́ ni pé ìlú ọ̀tọ̀ ni Èbúté Mẹ́ta tẹ́lẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òdìkejì ọ̀sà ló wà sí Erékùṣù Èkó, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Ìfọ́lé ló sọ ọ́ di ìlú ńlá: ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, wọ́n fọ́ ilé ìjọsìn l'Abẹ́òkúta, wọ́n sì lé àwọn oyinbo ajíhìnrere jáde. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ sá wá, Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, sì fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ó la títì gbọọrọ fún wọn. Títí dòní, àwọn òpópónà náà ṣì ń dábùú ara wọn bí ojú àwọ̀n. Ó wù mí gan-an! Rélùwéè àti Afárá Carter (1901) ló wá so Èbúté Mẹ́ta mọ́ Èkó.