Ta ni A. R. Rahman, báwo ló sì ṣe di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí orin fíìmù?
Ọmọ Íńdíà ni. Ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1967 ni wọ́n bí i ní Madras, ìlú tí à ń pè ní Chennai báyìí. Olórin fíìmù ni bàbá rẹ̀ náà, àmọ́ ọmọ ọdún 9 péré ni Rahman nígbà tí bàbá kú. Ohun èlò orin tí bàbá fi sílẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń fi háyà kí wọ́n lè rí jẹ, Rahman náà sì tètè ń bá àwọn àgbà olórin tẹ dùùrù. Roja, fíìmù àkọ́kọ́ tó ṣe orin fún ní 1992, ló gbé e jáde. Ó kọ orin eré orí ìtàgé Bombay Dreams fún London ní 2002. Ní 2009, ó gba Oscar, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, méjì lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo fún orin fíìmù Slumdog Millionaire. Létí tèmi ṣá, ti Roja ló ṣì dùn jù.