Gbó nìkan kò tó: ọ̀rọ̀ orógbó níbi ìkómọ

Ọmọdé kan bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé torí kíndìnrín ni àwọn baba wa ṣe ń fi orógbó sọmọ lórúkọ. Alága ìjókòó kan ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ níbi ìkómọ kan ní Òkè-Ìlèwó, ní Abẹ́òkúta níbí. Èmi náà wà níbẹ̀. Alága náà ní wọ́n ti dán an wò lára eku. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, èmi ò pa tèmi.

Ti eku kọ́kọ́ ná. Wọ́n dán an wò lóòótọ́. Wọ́n á fún eku ní gentamicin, oògùn tó lè ṣe kíndìnrín ní jàǹbá, wọ́n á wá fún àwọn kan ní kolaviron tí wọ́n fà jáde lára orógbó. Wọ́n á yẹ creatinine àti urea inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ìyẹn àwọn ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó gba kolaviron máa ń sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n eku tí kò tó kílò kan, tí wọ́n fi mílígíráàmù díwọ̀n tirẹ̀ fún, kì í ṣe bàbá yín tó ń rún orógbó láràárọ̀. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, kó lọ bá dókítà.

Ohun tí wọ́n ń wá nínú orógbó ìkómọ, inú orúkọ rẹ̀ ló wà: gbó. Obì ń bi ikú, omi kò lọ́tàá. Ẹ mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àgbà kì í dá “wàá gbó” wí, àfi kó fi “wàá tọ́” tì í?

Àdìrẹ ni ìyá mi ń tà ní Ìtòkú. Aṣọ tó bá ti ṣá, tó ń fà ya, “ó ti gbó” ni wọ́n ń pè é. Oníbàárà tó bá di etí aṣọ tuntun mú, tó ń fi àtàǹpàkò ra á wò, ohun tó máa bèèrè ni, “Ìyá, ṣé á tọ́?” Ẹ ò rí i? Gbó tó dáa fún arúgbó, èébú ni fún aṣọ. Ẹni tó bá wúre gbó lásán fún ọmọ, irú gbó wo ló ní lọ́kàn? Tọ́ ló ń yanjú ẹ̀: kó dàgbà, kó má fà ya. Èrò tèmi nìyẹn, ẹni tó bá ní òmíràn kó mú un wá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń di gbohùngbohùn mú lóde òní ò tiẹ̀ ro ọ̀rọ̀ mọ́. Ibòmíràn tí mo lọ, súìtì ni wọ́n fi rọ́pò orógbó, wọ́n ní ó korò.

Lọ́jọ́ Òkè-Ìlèwó yẹn, alága wí pé, “Wàá gbó,” ó dákẹ́ síbẹ̀, ó bọ́ sórí kíndìnrín. Ìyá àgbà kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Tọ́! Tọ́!” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹríba. “Ẹ ṣé, ìyá,” ló wí, “ó kúkú tọ́ lóòótọ́.”