Ṣé aṣọ ayé àtijọ́ ni Victoria wọ̀ lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Télọ̀ ni mí ní Kútọ̀, níbí l'Abẹ́òkúta. Kọ́sítọ́mà mi kan fi àwòrán Ọbabìnrin Victoria hàn mí lórí fóònù, ó ní kí n rán irú ẹ̀ fóun, òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí pátì kan tí wọ́n ti ní kí kálukú múra bí ará ìgbàanì, ó láṣọ yẹn ti tó ọdún 700. Mo wo wéèsì ẹ̀ títí, kò jọ ti ayé àtijọ́ lójú mi. Àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n?

ÌDÁHÙN: Ojú yín ríran, télọ̀ gidi lẹ. Ọdún 1842, ní May 12, ni Victoria wọ aṣọ yẹn láàfin Buckingham, àlejò lé ní 2,000, òun múra bíi Philippa ìyàwó Ọba Edward Kẹta tó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 700 sẹ́yìn, Albert ọkọ ẹ̀ wá ṣe Edward. Wọn ò sì ṣe é lásán o, ọjà ti kú mọ́ àwọn tó ń hun sẹ́dà ní Spitalfields ní London lọ́wọ́, Victoria fẹ́ káwọn olówó rà á lọ́wọ́ wọn (ẹ bi àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú bó ṣe máa ń rí tí àdìrẹ Ṣáínà bá kún ọjà).

Wọ́n gbìyànjú gan-an, Planché tó mọ aṣọ àtijọ́ dunjú ló ń bójú tó o, wọ́n lọ wo ère Philippa lórí sàréè ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Westminster ní London. Ṣùgbọ́n abẹ́ aṣọ ńkọ́? Kọ́sẹ́ẹ̀tì àti yẹ̀rì ọdún 1842 ló wà níbẹ̀! Ẹ wo àwòrán tí Landseer yà, wéèsì fún pinpin, ìsàlẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn, bẹ́ẹ̀ Philippa ò mọ ohun tó ń jẹ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ́ ti rí i lọ́jọ́ Lísàbí, ẹni tó wọ òfì ìyá ìyá ẹ̀ tó wá fi gèlè òde òní lé e, a mọ ọdún tó múra.

Torí náà ẹ bi í, ti Victoria àbí ti Philippa? Tó bá jẹ́ ti Victoria, kó wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì àti yẹ̀rì bíi mẹ́ta kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì lo àrán tàbí sẹ́dà tó nípọn, aṣọ tó ń fà ò lè dúró. Ti Philippa ò le tó yẹn, gáùn kan láti èjìká dé ilẹ̀, apá ẹ̀ á gùn á sì lẹ̀ mọ́ra, ẹ to bọ́tìnì sí i láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ o, yẹ̀rì mẹ́ta yẹn máa jẹ yáàdì.