Bátìrì kún mọ́jú, ẹ̀rọ kú kí oòrùn tó mú: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu níbí ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Station totale wa, ẹ̀rọ tá a fi ń wọn ilẹ̀, ní bátìrì méjì, mo máa ń ṣáàjì wọn mọ́jú, iná ṣájà á di àwọ̀ ewé, tá a bá dé oko, ilà mẹ́rin tó ń fi hàn pé bátìrì kún ló máa ń hàn lójú ẹ̀rọ. Kó tó tó wákàtí kan, bí mo bá ṣe tẹ bọ́tìnì báyìí kí n wọn ibi tí pírísíìmù, gíláàsì tó ń dá ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ padà, wà, ẹ̀rọ á kú pátápátá. Tí mo bá yọ bátìrì, tí mo tún fi í sí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilà méjì á tún yọ, màá wọn bọ́ọ̀nù, òkúta ààlà ilẹ̀, bíi méjì, ó tún kú. Ẹnì kan ní kí n so ó mọ́ bátìrì alùpùpù, ẹlòmíì ní inú fìríìjì ni kí n máa kó wọn sí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́ náà, o sì ṣeun tó o béèrè kó o tó so nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Bátìrì alùpùpù, 12 V ni, ẹ̀rọ tìẹ sì ṣeé ṣe kó jẹ́ 7.2 V tàbí 7.4 V, wò ó lára bátìrì ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ní ihò fún iná ìta lóòótọ́, àmọ́ okùn tiwọn tí ìwé ẹ̀rọ dárúkọ ni wọ́n ń lò, kì í ṣe wáyà méjì tí ẹnì kan fi tépù wé lábẹ́ igi máńgòrò. Ti fìríìjì yẹn, omi lo máa lọ fi kó sí ẹnu irin ẹ̀, gbàgbé ẹ̀.

Ohun tó o sọ fúnra ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà fó. Ìgbà tó o bá tẹ bọ́tìnì ni ẹ̀rọ ń kú, tó bá sinmi díẹ̀ ó tún jí. Tí ẹ̀rọ bá kàn tàn sílẹ̀ lásán, iná tó ń fà ò pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ ta ìmọ́lẹ̀ lọ bá pírísíìmù kó sì gbà á padà, ó máa fa iná lójijì, bátìrì tí inú ẹ̀ ti gbó ò lè dúró sábẹ́ ẹrù yẹn, fólítì á já wálẹ̀, ẹ̀rọ á sì pa ara ẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá fólítì á tún gòkè, fólítì yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì ń wò kó tó fi ilà hàn ẹ́, kì í ṣe iye iṣẹ́ tó ṣì kù nínú bátìrì. Iná àwọ̀ ewé ti ṣájà náà, ohun tó ń sọ ò ju pé bátìrì ti gba ìwọ̀n tó lè gbà. Igbá kékeré náà máa ń kún, àbí?

Ṣùgbọ́n má tíì náwó o. O ò sọ fún mi bóyá bátìrì méjèèjì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ mọ̀. Kọ A sára ọ̀kan, kọ B sára ìkejì, kó o máa kọ iye àkókò tí kálukú ń lò sílẹ̀. Tó bá jẹ́ A nìkan ló ń kú, A ló jẹ̀bi. Tí méjèèjì bá ń kú bákan náà, tí ọ̀kan sì ṣì jẹ́ tuntun, yẹ ṣájà, ẹnu irin àti ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ wò. Yá bátìrì lọ́wọ́ ẹni tó ní irú ẹ̀rọ yín, kó o yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, tó o bá yí méjì padà lójọ́ kan náà o ò ní mọ èwo ló ṣe é.

Ẹnu irin ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, torí ó ti yà mí lẹ́nu rí. Mo ra bátìrì tuntun nígbà kan ní Àjàṣẹ́, inú mi ń dùn, mo fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, ó kú bíi ti àtijọ́! Àṣé irin kan nínú ilé bátìrì ló ti rọ̀ sẹ́yìn, tó sì ti ń dọ̀tí, kò fara kan bátìrì dáadáa mọ́. Erùpẹ̀ pupa Kétu yìí, irú èyí tí àwọn bàbá wa fi mọ odi Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, kò sí ihò tí ò lè wọ̀ nígbà ọyẹ́. Pa ẹ̀rọ, yọ bátìrì, fi aṣọ tó mọ́ tó o ta àlùkóólù sí díẹ̀ nu irin méjèèjì, tó bá ṣì dúdú fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ ra á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Má fi bébà oníyanrìn họ ọ́, ó máa họ ohun tí wọ́n fi bo irin náà kúrò.

Lẹ́yìn yẹn, mú mítà tí wọ́n fi ń wọn fólítì. Tó bá jẹ́ irú bátìrì tí wọ́n kọ Li-ion 7.4 V sí lára, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ṣájà ó yẹ kó sún mọ́ 8.4 V, àmọ́ èyí nìkan ò tó, torí bátìrì tó ti gbó náà lè fi fólítì tó dára hàn ẹ́ tí ò bá sí ẹrù lórí ẹ̀. So gílóòbù kékeré ọkọ̀, ti 12 V, 5 W, mọ́ ibi tí wọ́n kọ + àti − sí nìkan, máa wò ó fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí. Bátìrì tó dá pé ṣì máa wà lókè 7.5 V dáadáa, èyí tó ti gbó á máa já bí ẹni ń já lórí àtẹ̀gùn, tó bá ti sún mọ́ 6 V yọ gílóòbù kíá. Má jẹ́ kí wáyà méjèèjì kan ara wọn o, bátìrì yìí lè gbiná.

Ṣájà náà ní tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ti oko dé tí bátìrì ṣì gbóná nínú ọkọ̀, má kì í sẹ́nu ṣájà lójú ẹsẹ̀, Li-ion kì í fẹ́ gba iná tó bá ti kọjá 45 °C, ṣájà míì á kọ̀ tàbí kó dáwọ́ dúró láàárín. Tó bá jẹ́ irú bátìrì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ni-Cd lẹ ní, òun ló máa ń ya ọ̀lẹ tẹ́ ẹ bá ń ṣáàjì ẹ̀ kó tó tán, ṣájà míì ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ REFRESH sí fún un. Tí bátìrì bá ti wú, kò sí àtúnṣe níbẹ̀, má fi í sẹ́nu ẹ̀rọ mọ́. Bluetooth àti ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ náà, pa wọ́n tó ò bá lò wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ bátìrì tó dáa di ti wákàtí kan.

Ṣe ti gílóòbù yẹn lórí A àti B, kọ fólítì tó o rí ní ìbẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì, nígbà náà ni màá sọ fún ẹ bóyá kí ọ̀gá ẹ ra tuntun.